Kọ̀ǹpútà tó ń háńgì: ẹ wo Task Manager kí ẹ tó ní kí wọ́n fọ́ọ̀mátì ẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ̀ǹda àyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín fún àwa tí à ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, torí owó ń bọ́ lápò àwọn òǹkàwé yín lórí ohun tí kò yẹ kó gba kọ́bọ̀. Láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ti lo bí ọdún mẹ́wàá ló sábà máa ń jẹ́. Ẹni tó ni ín ṣí Chrome, ó ń kún fọ́ọ̀mù post-UTME ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ni ojú ewé bá gan pa. Ó tẹ̀ ẹ́ títí, kò dáhùn. Fèrèsé funfun báláú, wọ́n kọ "Not Responding" sókè rẹ̀. Ó gbé e lọ bá ẹnjiníà, ẹnjiníà kò sì tíì tan ẹ̀rọ náà tó fi sọ pé fáírọ́ọ̀sì ni, àfi kí àwọn fọ́ọ̀mátì ẹ̀.

Ó máa ń jọ pé fọ́ọ̀mátì ṣiṣẹ́, ohun tó sì ń tan àwọn ènìyàn jẹ nìyẹn. Windows tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sí i kò tíì ní extension (ètò kékeré tí a ń so mọ́ Chrome) kankan, kò ní ogún táàbù tó ń ṣí fúnra rẹ̀ láàárọ̀, kò sì ní ètò mẹ́fà tó ń jí pọ̀ mọ́ ọn. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gbogbo wọn á ti padà, háńgì náà á sì bá wọn dé. Kò sẹ́ni tó bi ẹ̀rọ léèrè ohun tó ń dùn ún.

Kí á kọ́kọ́ ya nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ́tọ̀. Bí ojú ewé bá ń yí bírí tí kò ṣí, ṣùgbọ́n tí ẹ lè ṣí táàbù mìíràn, tí ẹ lè tẹ lẹ́tà sínú rẹ̀, tí fèrèsé sì ń tẹ̀lé yín bí ẹ bá ń fà á káàkiri, dátà yín ni kí ẹ bá wí. Kò sí RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) tó lè wo ìyẹn sàn. Háńgì tí à ń sọ ni pé búráúsà (Chrome tàbí irú rẹ̀) fúnra rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́: lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ kò hàn, títí gbogbo rẹ̀ á fi rọ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìbéèrè tó yẹ kí a bi ẹ̀rọ wà nínú Task Manager, ojú ibi tí Windows ti ń fi ohun tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ hàn. Ẹ di Ctrl àti Shift mú, kí ẹ tẹ Esc. Bó bá jẹ́ fèrèsé kékeré ló yọ, ẹ tẹ "More details" nísàlẹ̀. Lórí Windows 10, ẹ lọ sí Options, kí ẹ mú "Always on top", kó lè máa wà lójú yín bí ẹ ti ń lo búráúsà. Ẹ má kàn wò ó nígbà tí ara ẹ̀rọ bá yá. Ẹ ṣí i sílẹ̀, kí ẹ ṣe gbogbo ohun tí ẹ máa ń ṣe, kí ó gan lójú yín, kí ẹ wá ka nọ́ńbà tó wà lórí CPU (processor), Memory (RAM) àti Disk (dísìkì tó ń tọ́jú fáìlì) ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an. Task Manager ti Windows 7 kò ní òpó Disk. Ẹ tẹ resmon sínú Start, ẹ ó rí i níbẹ̀.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí Memory ti kọjá 90% kí Disk náà sì jókòó sí 100%. RAM ló kéré, Disk ló ń jìyà rẹ̀. Windows 10 nìkan, kí ẹ tó ṣí ohunkóhun, lè gba nǹkan bíi 2GB nínú 4GB. Chrome ní tirẹ̀ kì í kó gbogbo ojú òpó sójú kan. Láti 2018 ló ti ń ya ojú òpó kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kí èyí tó bá bàjẹ́ má baà ran èkejì, kí olè inú ọ̀kan má sì lè yọjú wo páásíwọ́ọ̀dù inú òmíràn. Ó dára fún ààbò, ṣùgbọ́n RAM ni ẹrù rẹ̀ ń wọ̀ lọ́rùn.

Nígbà tí RAM bá kún, Windows a máa kó ohun tí ẹ kò fọwọ́ kàn lọ sínú fáìlì kan lórí dísìkì, pagefile.sys lorúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá padà sí táàbù yẹn, ó gbọ́dọ̀ kó gbogbo rẹ̀ bọ̀. Háàdì dísìkì inú ọ̀pọ̀ láàpútọ́ọ̀pù àtijọ́ ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ rìn dé ibi tí ohun tó ń wá wà. Kò lè rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ohun tí Windows sì ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lákòókò yẹn pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Búráúsà kò kú, dísìkì ló ń dúró dè. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń sọjí fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan sí méjì. Ìdí nìyẹn náà tí kò fi yẹ kí ẹ máa tẹ ibi kan náà léraléra nígbà tó bá gan: gbogbo rẹ̀ ló ń tò sílẹ̀, bó bá sì jí, yóò ṣe wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fọ́ọ̀mù tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lè lọ lẹ́ẹ̀mẹta, owó náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ bá Chrome fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nínú rẹ̀, ẹ tẹ Shift àti Esc pọ̀. Task Manager tirẹ̀ ni yóò yọ. Ẹ tẹ àkọlé "Memory footprint" kó lè to èyí tó ń jẹun jù sókè. Ẹnu máa ń yà àwọn ènìyàn níbẹ̀: táàbù WhatsApp Web kan lè gba RAM ju Word lọ, extension tí wọn kò rántí pé àwọn ní lè wà lókè àtẹ. Ẹ yan èyí tí ẹ kò nílò, ẹ tẹ "End process". Ní Firefox, ẹ kọ about:processes síbi tí ẹ máa ń kọ àdírẹ́sì sí, irú nǹkan kan náà ni ẹ ó rí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí Settings, Performance nínú Chrome, kí ẹ tan Memory Saver. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tú táàbù tí ẹ kò lò fún ìgbà díẹ̀ sílẹ̀ kúrò nínú RAM. Yóò tún un ṣí bí ẹ bá padà sí i. Ẹ kíyè sí i o: ohun tí ẹ bá ti kọ sínú fọ́ọ̀mù lórí irú táàbù bẹ́ẹ̀ lè lọ, nítorí náà ẹ fi ojú òpó ilé ìwé tàbí báǹkì sínú àwọn tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, àyè rẹ̀ wà lójú ibẹ̀ kan náà. Ẹ wá wo "On startup". Bó bá wà ní "Continue where you left off", gbogbo táàbù tó pa ẹ̀rọ lánàá ló ń tún ṣí láàárọ̀ yìí. Ẹ yí i sí "Open the New Tab page".

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé láti Windows 8 wá, "Shut down" kì í pa ẹ̀rọ tán pátápátá bí Fast Startup bá wà níbẹ̀. Ó ń kó apá kan Windows sórí dísìkì, òun náà ló sì ń gbé dìde lọ́jọ́ kejì. "Restart" ló ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bí ara ẹ̀rọ bá wúwo, Restart ni kí ẹ lò.

Ní ti extension, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti N pọ̀. Fèrèsé Incognito yóò ṣí, extension kì í sì í wọ ibẹ̀ àfi tí ẹ bá gbà wọ́n láyè. Bí ojú òpó tó ń gan kò bá gan níbẹ̀, extension ló ṣeé ṣe jù pé ó jẹ̀bi. Ẹ kọ chrome://extensions, ẹ pa ìdajì wọn, ẹ wò ó. Bó bá ṣì ń gan, inú ìdajì tó kù ni olè wà. Ẹ tún pín in sí méjì. Ó yá ju kí ẹ máa pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lọ. Ẹ kò nílò ju ọ̀kan tó ń dí ìpolówó lọ, òun náà á tún máa dín ẹrù kù. Àwọn tó ń ṣèlérí láti "sọ búráúsà di ayára bí àṣá", ẹ yọ wọ́n dànù.

Ẹ má sì gbọ́ ti ẹni tó bá ní kí ẹ pa pagefile kí dísìkì lè sinmi. RAM tó kéré tí kò sì ní ibi tí yóò kó ẹrù sí yóò kàn máa pa táàbù ni, tí yóò máa kọ "Out of memory". Ẹ fi tó 15GB sílẹ̀ lófìfo lórí C.

Wàyí o, bí Disk bá wà ní 100% ṣùgbọ́n tí Memory kò ju 50% tàbí 60% lọ, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ tẹ àkọlé Disk kí ẹ wo ẹni tó wà lókè. Bó bá jẹ́ Antimalware Service Executable (antivirus inú Windows) tàbí Windows Update, iṣẹ́ tí kò tíì parí ni wọ́n ń ṣe. Nílé wa níbí, iná ni kì í jẹ́ kó parí: ènìyàn tan ẹ̀rọ fún ogójì ìṣẹ́jú, iná lọ, bátìrì kò gbé e, ọ̀la ni wọn ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ lórí iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún wákàtí méjì lálẹ́ láìfọwọ́ kàn án. Bí antivirus méjì bá wà lórí rẹ̀, ẹ yọ ọ̀kan. Bí kò bá sí ẹni gúnmọ́ tó ń lò ó, tí dísìkì ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, ẹ fi ètò CrystalDiskInfo wò ó. Ọ̀fẹ́ ni. Bó bá kọ "Caution", tí nọ́ńbà iwájú "Current Pending Sector Count" kì í sì í ṣe òdo, dísìkì ń kú lọ nìyẹn. Ẹ kó fáìlì yín kúrò lórí rẹ̀ lónìí, kì í ṣe lọ́la.

Bí owó bá wà fún ohun kan ṣoṣo, kí ni kí ẹ rà? Tí RAM bá jẹ́ 2GB, RAM. Tó bá ti tó 4GB tí dísìkì sì jẹ́ irú èyí tó ń yí, SSD (dísìkì irú tuntun tí kì í yí) ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé RAM ló ń kún. SSD kò ní abẹ́rẹ́ tó ń rìn, nítorí náà kíkó ẹrù lọ kíkó ẹrù bọ̀ kò ní hàn sí yín tó bẹ́ẹ̀ mọ́, gbogbo ohun mìíràn lórí ẹ̀rọ á sì yá. Èyí tí ẹ ó bèèrè ni SATA oníwọ̀n ínṣì 2.5, 240GB tàbí 256GB ti tó. Nínípọn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 7, àyè tó wà nínú àwọn láàpútọ́ọ̀pù àtijọ́ kan sì jẹ́ 9.5, kí ẹni tó ń fi sí i fi férémù tín-ín-rín kún un kó má baà máa mì kúrò lójú ihò rẹ̀. SSD 1TB tí wọ́n ń tà ní owó yẹpẹrẹ létí títì, ayédèrú ni.

RAM ní òfin tirẹ̀. Nínú Task Manager, ẹ lọ sí Performance, Memory, kí ẹ wo Speed àti "Slots used". Speed 1333 tàbí 1600, irú RAM tí wọ́n ń pè ní DDR3 ni. Láti 2133 lọ sí 3200, ó sábà jẹ́ DDR4. Ọ̀kan kì í wọ ihò èkejì. Nínú DDR3, ẹ wo àkọlé ara rẹ̀: PC3 ń lo fóòtì 1.5, PC3L ń lo 1.35. Láàpútọ́ọ̀pù Intel ìran kẹrin (i5-4300U, ẹ wo 4 tó ṣíwájú nínú nọ́ńbà náà) PC3L ló ń gbà. Bí wọ́n bá fi PC3 lásán sí i, ojú rẹ̀ lè dúdú tí kò ní tàn rárá, ọ̀pọ̀ ẹni sì ti ju bọ́ọ̀dù tó dá ṣáṣá nù nítorí èyí. Kí wọ́n yọ bátìrì kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, kí wọ́n ki RAM bọ̀ ọ́ ní dídàgẹ̀rẹ̀ títí eyín wúrà rẹ̀ á fi wọlé tán, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí ìgbámú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè dún. Kí ẹ tó ra RAM rárá, ẹ wo Settings ti Windows, System, About. Bó bá kọ "32-bit operating system", Windows yẹn kò lè lo ju 4GB lọ bí ẹ tilẹ̀ fi 16GB sí i. Windows 64-bit ni ẹ ó kọ́kọ́ gbé sí i, bí processor bá gbà á. Ibí yìí nìkan ni fọ́ọ̀mátì ti bá a mu.

Bí Disk àti Memory bá ń sinmi, tí CPU wà ní 100%, ẹ lọ sí Performance, CPU nínú Task Manager, kí ẹ wo Speed. Processor tí wọ́n kọ 2.5GHz sí lára, tó wá jókòó sí 0.8GHz nígbà tí iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀, nǹkan kan ló dè é mọ́lẹ̀. Lára Dell, ẹ kọ́kọ́ fura sí ṣájà. Ẹnu ṣájà Dell alábẹ́rẹ́ ní abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan láàárín, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń ka wọ́ọ̀tì rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ náà bá tẹ̀, tàbí tí ṣájà bá jẹ́ ayédèrú, ẹ̀rọ kò ní dá a mọ̀: yóò sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ń tàn, kò ní gba iná sínú bátìrì, yóò sì fa processor sẹ́yìn kó má baà fa iná ju ohun tí ṣájà lè gbé lọ. Àwọn ènìyàn a máa tẹ F1 kọjá lójoojúmọ́, wọ́n á sì máa bá Chrome jà. Ẹ yá ojúlówó, wọ́ọ̀tì 65 tàbí 90 bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ, kí ẹ fi wò ó.

Bí kì í bá ṣe ṣájà, ooru ni. Eruku ọyẹ́ a máa hun bí aṣọ sí àárín fáànù àti irin ìtutù, a kì í sì í rí i láti ìta. Kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n di fáànù mú kó má yí bí wọ́n ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, kí wọ́n nu páàsìtì tó ti gbẹ lórí processor, kí wọ́n fi tuntun tó ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan sí i. Ẹ dẹ́kun gbígbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì.

Tó bá jẹ́ fídíò YouTube nìkan ló ń mú CPU gun òkè, ohun tó fà á ni pé YouTube sábà máa ń fi fídíò ránṣẹ́ ní VP9 tàbí AV1, ọ̀nà tí wọ́n fi ń ki fídíò pọ̀ kó lè kéré. Intel tó ṣáájú ìran keje kò ní ohun èlò tó ń tú VP9 dáadáa, processor ló ń fi agbára òun fúnra rẹ̀ tú u. H.264 ni àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ mọ̀. Extension tí wọ́n ń pè ní enhanced-h264ify ń mú kí YouTube fi ìyẹn ránṣẹ́. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì lórí fídíò, ẹ mú "Stats for nerds": bí ẹ bá rí avc1 níwájú Codecs, ó ti ṣiṣẹ́.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò sí ohun tó ga nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, síbẹ̀ ojú ewé ń funfun, ó ń dúdú, tàbí ó ń ṣẹ́jú. Ẹ wo Device Manager, Display adapters. Bí ẹ bá rí "Microsoft Basic Display Adapter", kò sí dráífà (ètò tí Windows fi ń darí ohun èlò) fún ojú ẹ̀rọ náà. Ẹ lọ gbà á lójú òpó ilé iṣẹ́ tó ṣe láàpútọ́ọ̀pù. Bí dráífà bá wà níbẹ̀, ẹ lọ sí Settings, System nínú Chrome, kí ẹ pa "Use graphics acceleration when available", kí ẹ tún Chrome ṣí. Tí kò bá yí nǹkan kan padà, ẹ tan án padà, torí bí ẹ bá pa á lásán, ẹrù processor lẹ kàn ń fi kún.

Àwọn tó ṣì wà lórí Windows 7 tàbí 8.1, Chrome 109 ni òpin tiwọn láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Ojú òpó tuntun lè ṣí níbẹ̀ kí bọ́tìnnì rẹ̀ má dáhùn, èyí sì jọ háńgì bí ìbejì. Firefox 115 ESR ni Firefox tó kẹ́yìn fún wọn. Windows 10 náà kò gba àtúnṣe ààbò lásán mọ́ láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025, àfi ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún. Ẹ̀rọ tí Windows 11 kò gbà lè lo Linux Mint Xfce, tí a ń gbé sí i dípò Windows: 2GB RAM ló kéré jù fún un, 4GB ló tù ú lára.

Ní ti "clear cache" (pípa ohun tí búráúsà ti kó pamọ́ rẹ́) tí gbogbo ènìyàn ń pariwo, ẹ lè ṣe é bó bá jẹ́ ojú òpó kan ṣoṣo ló ń ṣe wọ́nranwọ̀nran. Kì í ṣe oògùn háńgì.

Olóòtú, ọ̀rọ̀ kan kù tó kan ẹ̀yin gan-an. Ojú òpó àwọn ìwé ìròyìn wà lára ohun tó ń pa ẹ̀rọ àwọn òǹkàwé. Fọ́tò tí wọ́n gbé wá tààrà láti inú fóònù, pixel 4,000 ní ìbú àti 3,000 ní gígùn, lè jẹ́ 4MB lásán lórí dátà, ṣùgbọ́n bí búráúsà bá tú u, ó lè gba 48MB nínú RAM, torí pixel kọ̀ọ̀kan ń gba báìtì mẹ́rin. Mẹ́wàá irú rẹ̀ lójú ewé kan ti ń lọ sí ìdajì GB. Kí ẹni tó ń bójú tó ojú òpó yín máa dín fọ́tò kù sí pixel 1,200 ní ìbú kó tó gbé e síta, kí fídíò má sì máa bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ kí òǹkàwé tó fọwọ́ kàn án. Kí ó fi láàpútọ́ọ̀pù 4GB kan dán ojú òpó náà wò, kì í ṣe tuntun tó wà lórí tábìlì rẹ̀.

Àwa ni tiyín,
Àwọn atúnkọ̀ǹpútàṣe kan, Ìbàdàn.